Ìka Méjì

Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Lafiají
ni Ọ̀gá Badirú tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹkẹ àfonífojì.
Kó tó dìgbà náà, omi ni mò ń pọn,
ayùn ẹlòmíràn ni mò ń pọ́n,
ìṣó tó bá wọ́ ni mò ń nà lórí òkúta.

Ilé Ìyá Rálíátù ni. Wọ́n fi yàrá mẹ́ta kún ti àtijọ́;
òrùlé àgbà kọjú sí ọ̀sà,
òrùlé ọmọ kọjú sí mọ́ṣáláṣí,
níbi tí àwọn méjèèjì ti fẹ́ pàdé, òfìfo ni,
ojú ọ̀run ń yọjú wo ẹní ẹlẹ́ní.

Ọ̀gá jókòó lórí igi bí ẹni jókòó sórí àga:
"Wò ó. Góńgó òrùlé kò mọ òjò, ó kàn ń pín in ni.
Etí òrùlé ń ju tirẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó tán.
Kòtò yìí nìkan ni omi ìhà méjì ń dà sí lẹ́ẹ̀kan náà.
Ẹni tó máa gbẹrù ẹni méjì,
a kì í ṣà á láàárín àwọn tẹ́ẹ́rẹ́."

Ó mú àfàrà kan tó nípọn, a rà á ní Òkobàbá,
ó ṣì ń rùn bí omi ọ̀sà tó ti sùn sí.
"Àwọn ẹkẹ yòókù ń lọ tààrà. Èyí ń gba ìkọrọ̀,
ọ̀nà rẹ̀ gùn ju tiwọn lọ.
Orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjì la ó gé e, kó rí bí ẹnu ẹyẹ.
Àárín igi ni kí o ti wọ̀n ọ́n. Má wọ̀n ọ́n láti etí."
Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kírun ọ̀sán.

Mo wọ̀n ọ́n láti etí.

Ìka méjì ló fi kúrú.
Ta ni yóò ká páànù lọ wo ìka méjì?
Mo la ègé igi, mo fi há àlàfo náà,
mo kun ọ̀dà lé e lórí,
mo kan ìṣó mẹ́fà níbi tí méjì ti tó.
Àwọn ẹkẹ kéékèèké, méje lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì,
mo gbé wọn lé irọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Igi kì í jiyàn. Ó ń dúró de òjò ni.

Ọ̀gá dé, ó fi èèkù hámà kàn án, ó dẹtí.
"Ó ń dún bí ẹni tí kò jẹun," ló wí.
Mo ní oòrùn ni.
Ó wò mí títí. "Ó dáa. Kan páànù."

Ọ̀gá ti kú báyìí. Èmi náà ti ní ọmọ iṣẹ́ ní Ṣómólú.
Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù keje bá dé,
etí mi á sọdá afárá, á lọ sí Lafiají,
á máa ka ẹ̀kán omi lórí àjà ẹni ẹlẹ́ni.
Lọ́dún tó kọjá, mo gbé àpò iṣẹ́, mo tẹ̀lé etí mi.

Ìyá Rálíátù ti darúgbó, kò ríran dáadáa,
ohùn ló fi mọ̀ mí.
Abọ́ tánganran kan wà ní igun yàrá, omi kún un dé ìdajì.
"Badirú ló rà á," ló wí.
"Ọjọ́ keje tí ẹ kan án tán ló dá wá.
Ó fi igi tì í nísàlẹ̀ kó má baà wó, ó dá owó díẹ̀ padà,
ó ní kí n jẹ́ kó máa kán,
ó ní ẹni tó ni ín ń bọ̀."

Mo gbé àkàsọ̀, mo ká páànù.
Ègé igi mi ṣì wà níbẹ̀, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ,
ìṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dípẹtà.
Mo fa àfàrà tuntun gòkè. Mo wọ̀n ọ́n láti àárín.
Mo tún un wọ̀n.

Ìyá ké láti ìsàlẹ̀: "Ṣé kí n wá gbé abọ́ yìí kúrò?"
Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀, Ìyá.
Òjò kò tíì wò ó."